Ẹ Mú Oríkì Yín Dání Kí Ẹ Tó Lọ Ṣí Rẹ́jísítà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa sọ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Àwọn tiwa tó wà lókè òkun ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde torí nẹ́tíwọ̀kì já wọn sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àwàdà díẹ̀ ni mo yọ.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè. Nínú gbogbo àwa tá a wà níbí, ta ló mọ orúkọ ìyá tó bí bàbá bàbá rẹ̀? Kì í ṣe "Màmá Àgbà" o, kì í ṣe "Ìyá Ẹlẹ́kọ", orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni mò ń bi yín. Ẹ nawọ́ sókè. Mo rí mẹ́ta. Ó ti ku méjì báyìí, bàbá tó wà lẹ́yìn yẹn ti rọra gbé ọwọ́ tiwọn wálẹ̀.

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ò ju pé ará Abẹ́òkúta ni wá, ìdílé ọdẹ ni wá, bàbá bàbá mi sì ń jẹ́ Daniel, orúkọ yẹn la sì ń lò bíi sọ́nẹ́ẹ̀mù títí dòní. Mo rò pé ó tó. Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ lọ́jọ́ Túsìdeè kan, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi gbé ìwé ìrìbọmi àtijọ́ jáde, mo fẹ́ wo Daniel. Akọ̀wé ìjọ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní "Daniel wo?" Ó ṣí ojú ìwé kan péré fún mi, Daniel mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo o! Kí n tó délé lọ́jọ́ yẹn mo ti mọ̀ pé mo kàn lọ dààmú ara mi ni, mo lọ bá ìwé láìmú nǹkan kan dání.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ò ju ìyẹn náà lọ. Rẹ́jísítà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí, dára, nílẹ̀ wa níbí kò sí ìwé míì tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó sì dárúkọ mẹ̀kúnnù, torí òfin tó ní kí gbogbo Nàìjíríà forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, 1979 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ṣọ́ọ̀ṣì fún èèyàn ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ilé fi ń pè é. Àárín orúkọ méjèèjì yẹn lèèyàn ti ń sọnù.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Crowther fúnra wọn. Àjàyí ni wọ́n bí wọn, ní Òṣogùn. Wọ́n kó wọn lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó já wọn sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún wọn níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1825. Orúkọ wo ni wọ́n fún wọn? Samuel Crowther. Orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, tó ń bẹ láyé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí ìwé yẹn lónìí pé ẹ̀ ń wá ọmọ Òṣogùn, báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Nígbà tí ọmọ yìí wá di àlùfáà tó sì dé Abẹ́òkúta ní 1846, ibẹ̀ ló ti rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún tó lé ní ogún, kì í sì ṣe ìwé ló júwe ìyá fún un, èèyàn ló ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn. Àfàlá ni ìyá yẹn ń jẹ́. Ní 1848 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún òun náà, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ di Samuel lẹ́yìn odò, ìyá di Hannah ní Abẹ́òkúta, bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ ìtàn, ta ló máa mọ̀ pé Hannah ló bí Samuel?

Crowther lókìkí, ìdí nìyẹn tá a fi mọ̀. Àwọn yòókù ńkọ́? Ní Sàró nígbà yẹn, àwọn ará Ìngíláǹdì tó ń dáwó fún ilé ìwé CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà) lè ní kí wọ́n fi orúkọ táwọn fẹ́ sọ ọmọ kan, wọn ò rí ọmọ ọ̀hún rí o, owó ni wọ́n fi ránṣẹ́. Torí ẹ̀ lẹ ṣe ń rí ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń jẹ́ orúkọ bí ẹni tí wọ́n bí sí abúlé òyìnbó. Nígbà tó wá di bí ọdún 1890 síwájú, àwọn kan ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n dá orúkọ padà. David Brown Vincent di Mọ́jọlá Àgbébí ní 1894. Edmund Macaulay di Kítóyè Àjàsá. Tẹ́ ẹ bá ń tọ ìdílé irú wọn lẹ́yìn, orúkọ kan ló máa dédé dúró nínú ìwé, òmíràn á bẹ̀rẹ̀, ẹ lè rò pé bàbá yẹn kú ni, kò kú rárá, ó kàn bọ́ ẹ̀wù òyìnbó ni.

Tèmi ò tiẹ̀ le tó ìyẹn. Ìṣòro tèmi ni pé láyé ìgbà yẹn ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò ní sọ́nẹ́ẹ̀mù. Akọ̀wé á kọ Daniel, á wá kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síwájú, ìyẹn tó bá rántí. Ọmọ Daniel wọ ilé ìwé, tíṣà ní "kí ni orúkọ bàbá ẹ", ọmọ ní Daniel, tíṣà kọ ọ́, ó parí. Àbúrò Daniel tó ń jẹ́ Joseph, àwọn ọmọ tiẹ̀ di Joseph. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, lónìí àwọn ọmọ ọmọ wọn lè pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n máa kí ara wọn bí àlejò. Mo mọ ibi tó ti ku díẹ̀ kí wọ́n fẹ́ra wọn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Nítorí náà mo padà sílé. Mo lọ bá àbúrò bàbá mi obìnrin kan, wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún, mo ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí". Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ló dé, ṣé mo fẹ́ jẹ oyè ni. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ní kó máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kì mí dé àárín, wọ́n dárúkọ àdúgbò tá a ti ṣẹ̀ wá, wọ́n dárúkọ ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ fi Ọdẹ́ bẹ̀rẹ̀, (mi ò ní pe orúkọ yẹn tán níbí torí ẹjọ́ ilẹ̀ wa ṣì wà ní kóòtù), wọ́n sì sọ pé ọmọ obìnrin tó sùn l'Ékòó ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń kì fún mi láti kékeré ni, mi ò fetí sí i rí.

Orúkọ yẹn ni mo wá mú padà lọ bá akọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò béèrè ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó ni mo béèrè. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, àwọn tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó Áńgílíkà, àpẹẹrẹ ti Ìngíláǹdì ni wọ́n tẹ̀ lé, ó ní ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ bàbá ọkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ sí, orúkọ bàbá ìyàwó àti iṣẹ́ tiẹ̀ náà. Bàbá yẹn ì báà jẹ́ oníṣẹ̀ṣe, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀, torí ọmọ ló ń gbéyàwó, kì í ṣe òun. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ti ọ́fíìsì mo rí Daniel kan, bàbá rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ tí Màmá pè gẹ́lẹ́, iṣẹ́ bàbá: ọdẹ. Mo pariwo. Akọ̀wé ní kí n dákẹ́, ìpàdé àwọn wọ́dìn ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ wá wò ó, kí ló dé tí mi ò rí bàbá ọdẹ yẹn nínú ìwé ìrìbọmi látìbẹ̀rẹ̀? Torí ìyàwó púpọ̀ ni. Láyé yẹn CMS ò ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ, àfi tó bá kọ àwọn yòókù sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ní tiwọn, wọ́n lè ṣe é, torí wọ́n ní kì í ṣe ẹjọ́ wọn. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Lambeth, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1888 náà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọkùnrin kó dúró sí kíláàsì ẹ̀kọ́ ná, àwọn ìyàwó, ibòmíì wọ́n lè gbà wọ́n. Mi ò mọ irú ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn, ìyàwó wọ ọ̀run, ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà! Ṣùgbọ́n fún àwa tá à ń wá ìdílé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìyá yín lẹ máa kọ́kọ́ rí. Nílé wa tí wọ́n ti ń ka orúkọ ọkùnrin láti òkè délẹ̀ tí wọn ò ní dárúkọ obìnrin kan, inú rẹ́jísítà ṣọ́ọ̀ṣì làwọn obìnrin wọ̀nyẹn wà, àwọn ọkọ wọn ni ò sí níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé bàbá yín ti wà nínú ìjọ Áńgílíkà tàbí Wẹ́sílì tẹ́lẹ̀, tó wá dàwátì, ẹ má tíì lọ wá a nínú ìwé ìsìnkú. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìjọ Áfíríkà ná. United Native African Church bẹ̀rẹ̀ ní 1891, African Church tẹ̀ lé e ní 1901, àwọn wọ̀nyẹn ò lé ọmọ ìjọ dànù torí ìyàwó kejì. Ọ̀pọ̀ bàbá ló gbé Bíbélì wọn, gbé ìyàwó wọn, sọdá sí òdìkejì títì.

Bí mo ṣe wá rí ìyá Daniel nìyẹn. Rebecca ni wọ́n kọ, àgbàlagbà ni nígbà tó ṣe ìrìbọmi, kò sí orúkọ ọkọ, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó kọ ìwé yẹn, Ọlọ́run á bù kún un níbi tó wà, ó fi orúkọ àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kékeré: Ìdòwú.

Ó dáa, kí ni Ìdòwú sọ fún wa? Ẹ̀yin ọmọdé iwájú, ẹ dáhùn. Ẹn-ẹ́n! Ìbejì ló ṣáájú. Òyìnbó tó bá rí Ìdòwú nínú ìwé, orúkọ lásán ló rí. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i, ó ti mọ̀ pé Táíwò àti Kẹ́hìndé wà níbì kan lókè, ọmọ ìyá kan náà, bí ọdún méjì, mẹ́ta sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ Àlàbá lẹ rí, Ìdòwú wà láàárín. Babátúndé, Yétúndé, Ìyábọ̀, àgbà kan ti kú nínú ilé kí wọ́n tó bí i, ẹ ṣí ìwé ìsìnkú ọdún yẹn àtèyí tó ṣáájú. Abíọ́nà, ìrìn àjò ni wọ́n wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú míì ni ìwé rẹ̀ wà. Málọmọ́, Dúrósinmi, Kòkúmọ́, ẹ mọ̀ pé ikú ti ń mú ọmọ nínú ilé yẹn, ẹ ka àwọn ọmọ kékeré inú ìwé ìsìnkú, ó máa ń dunni ṣùgbọ́n ẹ kà á. Bákan náà ni orúkọ tó ní Fá, tó ní Ògún, tó ní Ọdẹ́, tó ní Àyàn, wọ́n ń sọ irú ilé tí ọmọ ti wá. Ẹ sì ṣọ́ra o, nígbà tó yá àwọn èèyàn ń fọ orúkọ, Fágbèmí di Olúgbèmí, Fábùnmi di Jésùbùnmi, tẹ́ ẹ bá ń wá Olúgbèmí tẹ́ ò rí i, ẹ wo abẹ́ F.

Àmì ohùn? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Wọn ò fi sí i. "Ojo" tẹ́ ẹ bá rí lè jẹ́ Òjó, ó lè jẹ́ Òjò, ó sì lè jẹ́ Ọjọ́ tí wọ́n gé ìdajì rẹ̀ dànù. Ṣ wọn, "sh" ni. Abẹ́òkúta gan-an, b méjì ni wọ́n ń fi kọ ọ́ nígbà kan. Ẹ máa kà á sókè, etí á gbọ́ ohun tí ojú ò rí.

Ọjọ́ orí ńkọ́, ẹ má gbà á gbọ́ pátápátá. Ọjọ́ ìrìbọmi kì í ṣe ọjọ́ ìbí, pàápàá fún àgbàlagbà, akọ̀wé á wojú èèyàn á ní "ogójì ọdún". Ẹ fi ogun àti àrùn wọ̀n ọ́n: wọ́n ní ó ti ń kiri ọjà nígbà Ogun Àdùbí, 1918 nìyẹn, wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà ogun Ìjàyè, bí 1860 sí 1862 nìyẹn.

Tó bá jẹ́ Onítẹ̀bọmi ni yín, bíi tàwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1855, wọn kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, nítorí náà ẹ má wá ọmọ ọwọ́ nínú ìwé ìtẹ̀bọmi, ẹni tó ti lè sọ tẹnu ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn Wẹ́sílì ní ìwé kíláàsì, ẹni tó san owó kíláàsì àti ẹni tó jẹ gbèsè. Mo ti rí ẹni tó rí bàbá rẹ̀ àgbà nípa gbèsè, inú rẹ̀ dùn gan-an.

Àwọn Àgùdà ló tiẹ̀ tò ó jù. Ẹ mọ̀ pé l'Ékòó, tá a bá ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, Kátólíìkì la ní lọ́kàn, torí àwọn tó ti Brazil àti Cuba padà dé ló gbé ìsìn yẹn wá. Kí fáda òyìnbó tó wá fìdí kalẹ̀ l'Ékòó ní 1868, ọkùnrin kan tó ti oko ẹrú dé, tí gbogbo wọn ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Ìwé tiwọn, èdè Látìn ni, Joseph á di Josephus, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ orúkọ bàbá, ti ìyá, ti onígbọ̀wọ́, láti 1908 wọ́n sì tún gbọ́dọ̀ kọ ìgbéyàwó èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìrìbọmi rẹ̀ wà, ibikíbi tó ti ṣe é. Ẹ ò rí i pé ojú ìwé kan lè sọ ìtàn ayé èèyàn. Ẹ má fojú fo onígbọ̀wọ́ o! Ọ̀pọ̀ ìgbà ó jẹ́ pé ará ilé ni, tàbí ẹni tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ dé.

Lẹ́yìn odò lọ́hùn-ún, ní Bahia ní Brazil, tí wọ́n bá ṣe ìrìbọmi fún ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, wọ́n á kọ José, wọ́n á kọ "nagô" sí i, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ni ín. Ní Cuba, "lucumí" ni wọ́n ń kọ fún Yorùbá, ó sì máa ń dúró bíi sọ́nẹ́ẹ̀mù, ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú sì yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Vanderbilt, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ti ya fọ́tò ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, Slave Societies Digital Archive ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìbátan wa ní ọ̀hún tó ń tutọ́ sínú ike fún àyẹ̀wò DNA láti wá orírun, tí wọ́n á ní "Nàìjíríà" fún wọn, inú ìwé ìrìbọmi ni wọ́n á ti rí ọjọ́, ìjọ àti orúkọ ọ̀gá. Orúkọ agbo ilé, ìyẹn ò sí nínú èyíkéyìí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá tú ìwé, ẹ máa rí nǹkan tí wọ́n fi pa mọ́ fún yín. Ẹ lè rí i pé ẹni tẹ́ ẹ̀ ń pè ní ọmọ bíbí ilé, wọ́n rà á padà lóko ẹrú ni. Ẹ lè rí ọmọ tí kò sí bàbá ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nílé wa, èmi rí ọ̀kan, mo sì panu mọ́ fún ọdún méjì torí ilẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, nígbà tí mo wá sọ fún Màmá, wọ́n ní "a mọ̀, ìwọ lo ò mọ̀".

Ẹ tún bọ̀wọ̀ fún akọ̀wé ìjọ. Kì í ṣe lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n ń ka owó lèèyàn ń lọ o. Ẹ kọ lẹ́tà sí fíkà ṣáájú, ẹ fọwọ́ gbígbẹ kan ìwé, ẹ ya fọ́tò tí wọ́n bá gbà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ìjọ kan wà tí ikán ti jẹ ọdún mọ́kànlá nínú ìwé wọn tán lábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ti yàrá ọ̀hún. Tí ti ìjọ yín bá ti bàjẹ́, ẹ má sọ̀rètí nù, àwọn katikíìsì àti àlùfáà CMS gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé ìrántí iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ẹ̀dá èèyàn sì pọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó ṣe ìrìbọmi, ẹni tí ọkọ rẹ̀ lù torí ṣọ́ọ̀ṣì. Yunifásítì Birmingham ló ń tọ́jú wọn báyìí, àwọn ìwé CMS míì sì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba n'Ìbàdàn.

Ìbéèrè wá pọ̀, ọ̀kan ni mo máa kọ. Arábìnrin kan béèrè pé ṣé mo wá rí obìnrin tó sùn l'Ékòó yẹn, ìyá bàbá ọdẹ.

Mi ò tíì rí i. Ohun tí mo ń rò nìyí: ní oṣù Kẹwàá 1867 wọ́n lé àwọn òyìnbó àlùfáà kúrò l'Abẹ́òkúta, wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ba ilé ìtẹ̀wé jẹ́, Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì bá wọn sá. Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà yẹn, fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ibẹ̀ ló di Àgọ́ Ẹ̀gbá. Ọmọ tó ti tó í tọpa ẹran ni bàbá ọdẹ nígbà yẹn tí mo bá ka ọjọ́ orí rẹ̀ dáadáa, ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi í sí kí ìyá tó máa lọ. Tó bá lọ lóòótọ́, tó bá kú síbẹ̀, ẹnì kan sin ín, ẹni yẹn sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí ìjọ kan níbẹ̀. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, kí n mú ìbọ̀wọ́ tèmi wá.